Ọkọ̀ Tó Tẹríba

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Ìyá mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìrọ́jú, o kú àìrójú ráyè. Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ò ń wọ ibọ̀sẹ̀ méjì bí mo ṣe ní kó o máa ṣe? Ara mi le. Etí mi ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù ti jẹ ẹ́ tán, kò kù síbẹ̀ ohun tó lè jẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi bébà yọ ọ́ lẹ́nu. Fóònù ò wúlò fún mi ju kí n fi tẹ bébà mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

Ọkọ̀ tó o fi ránṣẹ́ ti dé láti ìparí oṣù tó kọjá. Àdúrà tí mo gbà fún ọ lọ́jọ́ náà, ká ní omi ni, o ò bá ti rì. Píkọ́ọ̀pù tó ń lo iná mànàmáná, níwájú ilé bíríkìlà! Gbogbo àdúgbò ló jáde wá wò ó. Wọ́n ní kò pariwo rárá. Kékeré àbúrò rẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé èmi àti ọkọ̀ yìí bá ara wa mu, òun ò sọ̀rọ̀, èmi náà ò gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbé mì. Ọkọ̀ yìí tẹríba. Imú rẹ̀ wà nílẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo bá mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì mi jáde, èyí tí mo fi ń mọ ògiri láti ìgbà tó o ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ, mo gbé e lé ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí a ó máa kó ẹrù sí. Ẹyin afẹ́fẹ́ kékeré tó wà nínú omi rẹ̀ sá lọ sápá ìdí pátápátá.

Ṣé bí wọ́n ṣe tà á fún ọ nìyẹn? Àbí ó ti forí sọ nǹkan rí kí wọ́n tó kùn ún? Má bínú pé mo bi ọ́. O mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Gúnrégé ò lè jókòó sínú ohun tí kò gún régé kó máa rìn kiri ìlú. Wẹ́dà ẹ̀yìn ilé wa ti wò ó. Ó ní kò le rárá, òun á gé irin róbótó méjì, òun á kì wọ́n sórí sípíríǹgì iwájú, imú á gòkè, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ́jú. Mo ní kó dúró ná kí n gbọ́ tẹnu rẹ. Tètè fèsì.

Kékeré ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ báyìí. Ó ní o pe òun lórí fóònù níwájú àwọn àna òun, o ní òun ń fi ọkọ̀ sáré jù, pé ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ sórí fóònù rẹ. Ó ní òun kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n so aago mọ́ lọ́rùn. Ẹ parí ìjà yín. Èmi ò kúkú gbọ́ tẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gúnrégé.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ibọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè ni mo wà nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, ibẹ̀ náà ni mo ti ń fèsì. Ẹ má bínú sí gírísì tí ẹ bá rí lára bébà yìí.

Bàbá, ọkọ̀ náà ò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìdí rẹ̀ sókè nítorí ẹrù ni. Bí ẹ bá ti di búlọ́ọ̀kù sí i, ìdí yẹn á sọ̀ kalẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni yóò tó tẹ́jú. Ẹrù ló ń dúró dè, kò tẹríba fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí Wẹ́dà fẹ́ ṣe yẹn niṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn oníbàárà wa á gbé píkọ́ọ̀pù wọn wá pé ká bá àwọn gbé imú rẹ̀ sókè kó bá ìdí dọ́gba, nítorí ẹwà. Àwọn wọ̀nyẹn kì í sì í kó nǹkan kan sẹ́yìn ju àpò ọjà àti ajá lọ. Bí a bá tún ṣe é tán, a ó yí ojú iná iwájú padà sísàlẹ̀, a ó sì fi ẹ̀rọ wo ìdúró táyà. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní ìbéèrè kan tó máa ń bi wọ́n kó tó fọwọ́ kan nǹkan: kí lẹ fẹ́ máa kó sẹ́yìn? Ẹni tó bá ní ẹrù tó wúwo lòun fẹ́ máa kó, ọ̀gá á ní kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá gbé imú sókè tí ẹ tún di búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn, imú á kọjú sí ojú ọ̀run. Táyà iwájú ò ní tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Kékeré á yí sítíà, ọkọ̀ á sì máa lọ síbi tó wù ú, bẹ́ẹ̀ bátìrì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti mú kó wúwo ju àwọn ọkọ̀ tó ń lo epo lọ. Mo mọ ọ̀nà orí òkè tó jáde nílùú wa. Mo mọ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe jìn tó níbi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Wẹ́dà fọwọ́ kàn án. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì yín sílẹ̀ fún ògiri. Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ di ẹrù sí i kí ẹ wá wọ̀n ọ́n.

Ẹ bá mi bẹ Kékeré kó gbé fóònù. Mo pè é títí, ó ti tì mí mọ́ta lórí fóònù rẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo ti wo ọ̀nà lẹ́tà rẹ títí, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, bóyá ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló dùn ọ́. Àwọn tó gbé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ òdìkejì òkè fún wa ń bọ̀ wá wo irinṣẹ́ wa, mi ò sì lè jẹ́ kí wọ́n bá ọkọ̀ mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní kí Wẹ́dà ṣe é.

Ká ní o wà níbẹ̀! Ó gé irin méjèèjì, ó dán wọn, ó kì wọ́n sórí sípíríǹgì. Nígbà tí táyà kanlẹ̀ padà, mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e, ẹyin afẹ́fẹ́ rọra rìn, ó sì dúró sáàárín, kò mì. Mo ní kí Wẹ́dà wá wò ó, mo ní kí Kékeré wá wò ó, mo pe ìyá aláṣọ tó ń gbé lódìkejì títì kóun náà wá wò ó. Ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju omi lọ.

A ti ń fi búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ dán an wò ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Inú rẹ á dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ló ń ṣẹ́jú iná sí wa. Wọ́n á tan án, wọ́n á pa á, wọ́n á tún tan án. Wọ́n ń kí wa kú oríire ni. Kékeré náà á ṣẹ́jú padà, èmi á juwọ́. Ọ̀kan tiẹ̀ yọ orí jáde lójú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ ń lọ wéréwéré, mo sì ń tẹrí ba pé a dúpẹ́. Kékeré ti gbé gíláàsì tiẹ̀ sókè, rédíò ló ń gbọ́.

Sítíà náà ti wá fúyẹ́. Kékeré ní ìka kan lòun fi ń yí i tí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ọwọ́ Wẹ́dà dára.

Láìpẹ́ a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru ojúlówó ẹrù lọ sórí òkè. Fèsì, jọ̀ọ́.

Bàbá rẹ,
Gúnrégé.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n lọ sórí ọ̀rọ̀ tààrà.

Wọn ò kí yín. Iná yín ló ń wọ̀ wọ́n lójú. Imú ọkọ̀ ti gbé iná sókè, kò wo ilẹ̀ mọ́, ojú àwọn tó ń bọ̀ ló ń wò. Ẹni tó ń ṣẹ́jú iná sí yín ń sọ pé òun ò ríran. Ẹni tó yọ orí jáde yẹn, Bàbá, èébú ló ń bú yín, ẹ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan lẹnì kan ò ní ríran, tí yóò sì forí lé ọ̀dọ̀ yín.

Sítíà tó fúyẹ́ yẹn náà, kì í ṣe pé ọwọ́ Wẹ́dà dára. Táyà iwájú ni kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà mi gan-an nìyẹn, mi ò sì mọ̀ bóyá lẹ́tà náà ti dé ọwọ́ yín.

Mo pe Kékeré, kò gbé e. Mo pe Wẹ́dà, ó ní Bàbá ló gbé iṣẹ́ fún òun, ti Bàbá lòun ń gbọ́, ó sì pa fóònù. Mo jókòó síbí, mo ń gbé imú ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn sókè lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè mú ti bàbá tó bí mi wálẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹ má sì jẹ́ kó bí yín nínú. Orúkọ mi ló ṣì wà lórí ọkọ̀ yẹn. Fóònù mi lè sọ fún un pé kó má jí. Bí oṣù yìí bá dé àárín tí mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ti yọ irin yẹn, màá tì í. Ẹ bínú sí mi, kí ẹ ṣáà wà láàyè.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mi ò rí èsì kankan. Láàárọ̀ yìí mo rí i lórí fóònù mi pé ọkọ̀ kúrò nílé, ó gba ọ̀nà òkè. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo dúró sójú kan, mo ń wò ó. Mi ò jẹ́ tì í lórí ìrìn, kò tiẹ̀ ní gbà. Nígbà tó dúró lókè téńté, kó tó di pé ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, mo tì í.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àbójútó wa. Mo ní kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí n tó kọ lẹ́tà yìí, kí ẹ má baà ti bíró mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó tó. Jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí mo bí.

Lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́, èyí tó ní gírísì lára, dé lẹ́yìn tí mo ti fi tèmi ránṣẹ́. Inú bí mi gidi. Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di lẹ́fẹ́ẹ̀lì mú lo ní kí n fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì mi sílẹ̀ fún ògiri. Síbẹ̀ mo ṣe ohun tó o ní kí n ṣe. A di búlọ́ọ̀kù kún ẹ̀yìn ọkọ̀, mo wọ̀n ọ́n, ẹyin afẹ́fẹ́ sì sá lọ síwájú pátápátá. Ojú tì mí níwájú Wẹ́dà. Ọjọ́ yẹn náà ló yọ irin méjèèjì. A tún ẹrù yẹn dì bó ṣe wà, mo tún wọ̀n ọ́n, ó tẹ́jú bí omi inú abọ́. Bó o ṣe wí ló rí. Mi ò tètè kọ ọ́ sí ọ. Mo ní kí ojú tó ń tì mí kọ́kọ́ fúyẹ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún a kó ẹrù àkọ́kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́. Imú ọkọ̀ dára, ìdí dára, kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú iná sí wa. A dúró lókè téńté kí Kékeré lè fa okùn tí a fi di ẹrù le. Ó padà wọlé, ọkọ̀ ò jí. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Àwọn lébìrà mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń wò mí. Mo bi Kékeré pé kí ló dé. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára búlọ́ọ̀kù kan níwájú gbogbo wọn: "Ẹ̀gbọ́n ló tì wá."

Gbogbo wọn kà á, ìyá mi. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu wọn.

A wà nínú oòrùn títí Kékeré fi gbé ìgbéraga rẹ̀ sílẹ̀, tó pè ọ́, tó bú ọ, tó o sì ṣí i. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni lẹ́tà tó o fi halẹ̀ mọ́ mi tó dé. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù gba etí mi, mo fara mọ́ ọn, iṣẹ́ ni. Ìwọ wá gba ẹsẹ̀ mi lójú àwọn tí mò ń sanwó fún. Ṣé ọmọ ni mo bí ni, àbí wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n?

Mo ti da tapólì bo ọkọ̀ rẹ. Ọmọlanke la ó fi kó búlọ́ọ̀kù. Wá gbé e nígbà tó bá wù ọ́.

Gúnrégé.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyí tí ẹ bá fẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ dárí jì mí. "Ẹ" tí ẹ fi bá mi sọ̀rọ̀ lókè lẹ́tà yín, ó wọ̀ mí lára ju gbogbo èébú Kékeré lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi mí pé ta ló kú.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Bí mo bá tún rò pé ẹ fẹ́ já sínú ọ̀fìn, màá tún tì í. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ ti ṣe ohun tí mo bẹ̀ yín fún, èmi ò mọ̀, mo sì fìyà jẹ yín. Ẹ gbà mí gbọ́ nígbà tí èmi ò gbà yín gbọ́.

Mi ò ní wá gbé ọkọ̀ kankan. Mo ti yọ orúkọ mi kúrò lórí rẹ̀ lónìí, mo fi tiyín sí i. Mi ò lè tì í mọ́, mi ò lè ṣí i, mi ò sì lè rí i mọ́. Kékeré lè sáré bó ṣe wù ú, kó ṣáà rántí ẹni tó jókòó tì í.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Ẹ ò gbọ́ fóònù, lẹ́tà sì ń pẹ́. Láàárọ̀, kí n tó wọ aṣọ iṣẹ́, mo máa ń wo àmì kékeré tó dúró fún ọkọ̀ yẹn. Bó bá ti kúrò nílé, mo mọ̀ pé ẹ ti jí, pé ara yín le, pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn lébìrà lẹ́nu. Èmi á wá lọ síbi iṣẹ́. Láti òní lọ, mi ò ní máa rí i mọ́. Ó tọ́ sí mi bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà máa kọ lẹ́tà, kódà kó jẹ́ ìlà kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká tapólì yẹn kúrò.

Ọmọ yín.


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Mo pẹ́ kí n tó fèsì, mo mọ̀. Inú ló kọ́kọ́ ń bí mi. Nígbà tó yá, inú ò bí mi mọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo lè kọ. Mo ka lẹ́tà rẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí mo ṣẹ́ ẹ po ti fẹ́ ya.

Mo ti ká tapólì kúrò. Ọmọlanke ò rọrùn fún àgbàlagbà, ká má parọ́. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, ó ń tẹríba bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bi mí pé Bàbá Gúnrégé, ọkọ̀ yín ti wọ́ o. Mo ní kí wọ́n dúró dìgbà tí mo bá di ẹrù.

Ọ̀rọ̀ àmì kékeré tó o sọ yẹn ni kò jẹ́ kí n rímú mí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo lò ń lọ, ìgbà wo lo máa dé. Mo ti rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Èmi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà lókè òkun tó ń fi mí sójú láràárọ̀ kó tó wọ bàtà.

Ìyá mi, ọwọ́ rẹ ni mo ní kó o mú kúrò lórí ọkọ̀ mi. Mi ò ní kó o mú ojú rẹ kúrò lára mi.

Kékeré ti fún mi ní fóònù rẹ̀ tó ti lò tẹ́lẹ̀, mo fi awò ojú mi méjèèjì wò ó. Ó ní bí orúkọ mi ṣe wà lórí ọkọ̀ báyìí, èmi ni mo lè ní kí ẹlòmíràn máa wò ó. Ó ní ẹni náà lè rí i, kò lè tì í. Mo ní bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Òun tó ní òun kì í ṣe ewúrẹ́ aláago, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ orúkọ rẹ sí i, ó ní kí n kí ọ, ó ní òun ti ṣí ọ lórí fóònù òun. Nǹkan kan á wọlé sórí fóònù rẹ, á bi ọ́ bóyá o gbà. Gbà á.

Lójoojúmọ́ tí a bá ń kó búlọ́ọ̀kù lọ, mo ti sọ fún Kékeré pé kó máa dúró díẹ̀ lókè téńté, níbi tó o ti tì wá mọ́. Á lóun fẹ́ fa okùn le. Àwọn lébìrà rò pé okùn náà ni. Bó o bá rí i tí àmì náà dúró síbẹ̀ láàárọ̀, má páyà. Èmi ni mò ń kí ọ. Wọ ibọ̀sẹ̀ rẹ, kó o máa lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá rẹ,
Gúnrégé.